Ìdúpẹ́ Tí Ẹ̀rọ Kọ fún Orísun Ìmọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn yín, ẹ sún mọ́ ibí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín. Bí ẹ bá sì rí ara yín nínú ẹ̀, ẹ kàn ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nílé ìwádìí omi mímu, ilé alájà kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí òórùn kẹ́míkà máa ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n máa bu omi kànga àti omi pọ́ǹpù káàkiri ìlú, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì sọ fún aráyé èyí tó ṣeé mu. Iṣẹ́ ọ̀gá àgbà ni kó máa gba ọpẹ́.

Orísun Ìmọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó gorí àga, ó ní orúkọ táwọn èèyàn ti ń pe òun láti kékeré nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi í pé àwọn èèyàn wo. Ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ sára ife tíì, ó tún kọ ọ́ sára agboòrùn. Bó bá ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ikùn á kọ́kọ́ dé, ikọ́ á tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ á wá yọ gbẹ̀yìn, akọ̀wé rẹ̀ á sì máa sáré bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì.

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Kíka Ìdúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Bí olùwádìí bá parí iṣẹ́, tó kọ ọ́ sílẹ̀, ìpínrọ̀ kékeré kan máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tó ti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yá a ní òṣùwọ̀n tàbí ẹni tó gbé e débi kànga. Níbòmíràn, ìlà méjì péré ni. Nílé ìwádìí yìí, ibẹ̀ gan-an ni ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé kankan kò lè jáde bí ọ̀gá àgbà kò bá fọwọ́ sí i, ọ̀gá àgbà kì í sì í fọwọ́ sí ìwé tí ìdúpẹ́ rẹ̀ kò bá wọ̀ ọ́ lára. Orúkọ tirẹ̀ ló tún gbọ́dọ̀ ṣáájú orúkọ àwọn tó kọ ìwé, ì báà jẹ́ pé ìrìn-àjò ló wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ náà.

Akọ̀wé á dìde, á tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, á sì ka ìpínrọ̀ ìdúpẹ́ bí ẹni ń ka ìwé mímọ́. Ọ̀gá á di ojú méjèèjì, á kó ọwọ́ lé ikùn, á máa mi orí. Tí ìdúpẹ́ bá parí, wọ́n ti ka ìwé tán nìyẹn. Ẹnì kan ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àbájáde ìwádìí lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá ṣí ojú kan, ó béèrè bóyá òfò ló ṣẹ̀.

Ẹ má gbàgbé fíríìjì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ o. Omi kẹ́ẹ̀gì ló wà nínú rẹ̀, omi pọ́ǹpù tó wà níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń lọ kí i, bí wọ́n bá sì ń tàkúrọ̀sọ nínú ilé, dírẹ́bà á máa pọn omi kún inú kẹ́ẹ̀gì lóde. Omi tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti yẹ̀ wò, tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n ti fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀, kò jẹ́ fẹnu kàn án. Ó ní ó ń rùn bí ìwé. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń mu láàárọ̀ lálẹ́, òun náà ló sì ń bù fún àlejò pàtàkì nínú ife gíláàsì. Orí máa ń fọ́ ọ ṣáá, inú sì máa ń lọ́ ọ. Ó ní ti orí, èrò ńláńlá ló fà á. Ti inú, ó ní àwọn ọ̀tá ni.

Nígbà tí ẹ̀rọ AI dé, èyí tí àwọn kan ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, kò tu irun kan lára ọ̀gá. Ẹ̀rọ tí èèyàn ń bi ní ìbéèrè, tó ń fèsì bí ọmọlúàbí, tó ń báni tún gbólóhùn tó wọ́ ṣe, kí ló kan Orísun Ìmọ̀ nínú ìyẹn? Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí kọ ọ́ sínú ìdúpẹ́ rẹ̀ pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ AI tó bá òun tún èdè ìwé òun ṣe, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà. Kò ṣe ohun tí kò tọ́. Àwọn jọ́nà, ìyẹn àwọn ìwé tó ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde fún gbogbo ayé, ti ṣòfin pé ẹni tó bá lo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kó sọ ibi tó ti lò ó àti ohun tó fi ṣe. Ìdí ni pé ẹ̀rọ lè sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, kò sì ní ọrùn tí wọ́n lè so ọ̀rọ̀ náà mọ́. Èèyàn ló máa dáhùn fún un.

Ojú ọ̀gá méjèèjì là lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Ẹ̀rọ tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá, ni ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó rántí èmi?"

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Akọ̀wé tilẹ̀ kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló ṣẹ̀. Ọ̀gá dìde, ó sì sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù lábẹ́ tábìlì àwọn òṣìṣẹ́. Ó to gbogbo ẹ̀dá ayé lẹ́sẹẹsẹ fún wọn: Ọlọ́run ló ṣáájú, ìjọba tẹ̀lé E, Orísun Ìmọ̀ wà nídìí ìjọba níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wà lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn wọn ni òṣùwọ̀n, ìgò àti ìgbálẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbálẹ̀ ló fi ẹ̀rọ AI sí. Ó wá ka òfin: "Láti òní lọ, orúkọ ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ ṣáájú orúkọ mi nínú ìwé kankan. Bẹ́ ẹ bá máa dárúkọ rẹ̀, abẹ́ ìdúpẹ́ mi gan-an ni kẹ́ ẹ fi í sí, kó lẹ̀ mọ́ ọn, kó máa wòkè wò mí."

Akọ̀wé tẹ òfin náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn títí dé ti ilé ìgbẹ́. Ẹ bá mi fi òfin yìí sọ́kàn, a máa tó fi ṣiṣẹ́.

Obìnrin kan wà nílé ìwádìí náà tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Láàbù, torí pé òun ló ń bójú tó yàrá tí wọ́n ti ń yẹ omi wò. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ, kì í kó o jẹ. Àǹtí Láàbù ti rí òjé nínú omi àwọn pọ́ǹpù kan. Páìpù àtijọ́ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ló ti ń jẹrà, tí òjé inú rẹ̀ sì ń dà sínú omi tí aráàlú ń mu. Òjé kì í pààyàn lójijì. Inú egungun ló ń lọ jókòó sí, orí á máa fọ́ àgbàlagbà, inú á máa lọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ọmọdé, ọpọlọ rẹ̀ ló ń bá jà, bó bá sì ti bà á jẹ́, kò sí oògùn tó lè dá a padà. Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn wà ládùúgbò Ẹ̀yìn Ilé Epo.

Ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò sí omi tó dùn tó tiwọn nílùú, wọ́n ní ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan máa ń wá pọn ọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ṣé ẹni ńlá á wá máa gbé májèlé lọ sílé ni? Ó gba iléeṣẹ́ omi lọ. Àwọn yẹn ní àwọn kò lè ti pọ́ǹpù pa nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu, kó mú ìwé ìwádìí tó ti jáde wá, àwọn á sì yọ páìpù yẹn. Ó padà sí láàbù, ó jókòó, ó kọ ìwé. Gbogbo rẹ̀ pé. Ìbuwọ́lù ọ̀gá àgbà nìkan ló kù.

Ìdúpẹ́ tó kọ kò gùn. Ó ní: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà tó fọwọ́ sí ìwé yìí." Lọ́jọ́ Ajé, akọ̀wé kà á, ìdúpẹ́ sì ti parí kí ọ̀gá tó ráyè di ojú. Ó dá ìwé padà. Ó ní kò ní ìmísí. Àǹtí Láàbù lọ tún un ṣe, ó fi "púpọ̀" kún un. Ọ̀gá tún dá a padà. Ó ní kì í ṣe pé òun ń tọrọ ọpẹ́ o, òun ò rí ti ara òun rò, ìtàn ni òun ń rò.

Àǹtí Láàbù sọ fún un pé àwọn ọmọdé ń mu omi yẹn lọ́wọ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á fẹ́ mọ ẹni tó gbà wọ́n.

Inú bí obìnrin yìí débi pé ó lọ ti ilẹ̀kùn láàbù, ó sì sunkún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá tù ú nínú. Wọ́n bi í pé ṣé ó rò pé àwọn ló ń fi orí ara àwọn kọ ìdúpẹ́ tí ọ̀gá ń mi orí sí látọjọ́ yìí ni? Ẹ̀rọ ni. Ta ló ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú? Wọn kò kàn jẹ́wọ́ fún jọ́nà ni. Àǹtí Láàbù nu ojú, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì ní kí ẹ̀rọ bá òun kọ ìdúpẹ́ sí ọ̀gá òun. Ẹ̀rọ béèrè ohun tí ọ̀gá náà ṣe nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Ó ronú díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Ó máa fọwọ́ sí i." Ẹ̀rọ béèrè bóyá nǹkan mìíràn wà. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kó pọ̀.

Háà, ẹ̀rọ jẹ́ kó pọ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, akọ̀wé dìde, ó sì kà á báyìí: "Kí ni à bá fi san oore Ọ̀gá wa Àgbà, Orísun Ìmọ̀, ẹni tí omi gbọ́ orúkọ rẹ̀ tó mọ́ gaara? Ọwọ́ rẹ̀ ló tọ́ wa sọ́nà, ojú rẹ̀ ló ríran fún wa, ọgbọ́n rẹ̀ ló ń ṣàn nínú gbogbo òǹkà tó wà nínú ìwé yìí. Bí kì í bá ṣe òun, òùngbẹ ìbá ti gbẹ ìmọ̀ pa."

Omijé bọ́ lójú ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà, ó tún sunkún, ó wá mu omi kẹ́ẹ̀gì ife kan kó fi gbé ayọ̀ náà mì. Ó sọ fún Àǹtí Láàbù pé òun kò mọ̀ pé ìfẹ́ òun jinlẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ tó báyìí. Àǹtí Láàbù ní, "Ẹ ṣé, sà." Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé, obìnrin náà gbà á, ó sì yára jáde kí ọ̀gá má baà yí ọkàn padà.

Ṣùgbọ́n Àǹtí Láàbù kì í purọ́ nínú ìwé. Bí òfin jọ́nà ṣe wí, ó sọ ibi tó ti lo ẹ̀rọ. Bí òfin ọ̀gá náà ṣe wí, abẹ́ ìdúpẹ́ ọ̀gá ló kọ ọ́ sí, ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń wòkè wò ó. Ká ní ọ̀gá rẹ ojú sílẹ̀ díẹ̀ sí i ni, ì bá rí i. Akọ̀wé náà kò rí i, torí ó ti pẹ́ tó ti mọ ibi tí adùn máa ń parí sí.

Ìwé jáde, ariwo sì ta. Rédíò gbé e. Iléeṣẹ́ omi ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ páìpù. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kó ẹnu jọ, wọ́n ní àwọn máa fún ọ̀gá àgbà ní àmì ẹ̀yẹ, torí orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú nínú ìwé. Ọ̀gá rán aṣọ tuntun, wọ́n fi sítáàṣì sí i débi pé aṣọ náà lè dá dúró láìsí òun nínú rẹ̀. Ó sọ fún akọ̀wé pé tí àsìkò bá tó, kó má ka ìdúpẹ́ látinú bébà o, inú jọ́nà gan-an ni kó ti kà á, kí aráyé lè mọ̀ pé òun kọ́ ni òun kọ ọ́ fúnra òun.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ fún un ní àmì ẹ̀yẹ náà. Akọ̀wé gbé jọ́nà sókè, ó fi ohùn dídùn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí omi ti gbọ́ orúkọ ọ̀gá tó mọ́ gaara, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dé ibi òùngbẹ, wọ́n dìde dúró. Ìpàtẹ́wọ́ wọ akọ̀wé lórí. Kò fẹ́ kó tán, ojú rẹ̀ sì rí i pé ìlà díẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó sì ń bá a lọ ní ohùn kan náà:

"Ẹ̀rọ AI ló kọ ìdúpẹ́ sí ọ̀gá àgbà tó wà lókè yìí, torí àwa kò rí ọ̀rọ̀ sọ. A kò lo ẹ̀rọ níbòmíràn nínú iṣẹ́ yìí. A ti yẹ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí wò, a sì rí i pé òótọ́ ni, àfi ìdúpẹ́ náà, èyí tí a kò rí ẹ̀rí kankan fún. Gbogbo àwọn òǹkọ̀wé ló ti ka ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì fọwọ́ sí i."

Àwọn ará iwájú ti pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba àárín wá, ó dé iwájú, ó dé orí pèpéle níbi tí àwọn àgbà onímọ̀ jókòó sí, wọ́n sì ń fi ìwé ètò bo ẹnu. Ọ̀gá dúró ṣanṣan nínú sítáàṣì. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n aṣọ kò jẹ́ kó hàn.

Ní ọjọ́ Ajé, kò sí Kíka Ìdúpẹ́. Ọ̀gá ní kí Àǹtí Láàbù lọ jókòó sílé, ó ní ó ti ba orúkọ òun jẹ́. Ó kọ̀wé sí jọ́nà pé kí wọ́n fa ìwé náà ya. Ó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ omi pé ìjà wà lórí ìwé ọ̀hún, kí wọ́n dáwọ́ dúró ná. Iléeṣẹ́ omi dáwọ́ dúró lóòótọ́, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ kó ṣọ́bìrì wọn padà sínú ọkọ̀. Àǹtí Láàbù gbọ́ ọ nílé, kò lè jẹun. Kò ronú nípa iṣẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ bọ́. Àwọn ọmọ tó rí nídìí pọ́ǹpù yẹn ló ń rò, pẹ̀lú ife ọwọ́ wọn.

Ó sáré tọ ìgbìmọ̀ alákòóso ilé ìwádìí náà lọ, wọ́n sì pe ìpàdé. Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wọn, màmá kan tó máa ń ka gbogbo nǹkan títí dé ohun tí wọ́n kọ sára páálí bisikíìtì. Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú akọ̀wé, akọ̀wé gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání, torí ọ̀gá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun máa gùn. Ó gùn lóòótọ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tó fẹ́ gba ayé, nípa ọmọ abẹ́ tí kò moore, nípa orísun tí wọ́n da ẹrẹ̀ sí. Alága jẹ́ kó parí.

Ó wá bi í jẹ́jẹ́ pé ṣé ó ka ìwé náà kó tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá ní, "Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, Mà. Mo tún un kà."

Alága ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní a jẹ́ pé ó rí ibi tí obìnrin yìí ti sọ pé ẹ̀rọ ló kọ ìdúpẹ́, ó sì fọwọ́ sí i, kí ló wá dé tó fi ní kó lọ jókòó sílé? Ọ̀gá ní òun kò rí ibẹ̀ yẹn. Alága ní a jẹ́ pé kò kà á nìyẹn, orúkọ ẹni tí kò ka ìwé kò sì yẹ kó wà lára àwọn tó kọ ọ́, débi tó máa ṣáájú wọn. Èwo ni ká mú? Ọ̀gá wo akọ̀wé. Akọ̀wé ń wo àjà ilé.

Ọ̀gá ní, "Mo ka ibi tó kàn mí." Alága béèrè pé ibo ni ibi tó kàn án. Ó ní, "Ìdúpẹ́."

Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní kí akọ̀wé bu omi wá, ó sì ní kó bu fún gbogbo ìgbìmọ̀, torí bí nǹkan ti le tó, kò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹni ńlá. Ó ní kí wọ́n mu ún, ó ní kò sí irú rẹ̀ nílùú. Alága ti gbé ife dé ẹnu nígbà tí Àǹtí Láàbù bi ọ̀gá pé níbo ni omi yìí ti wá.

Ọ̀gá yọ àyà. "Ẹ̀yin tó ń kiri kànga, ẹ ò lè rí irú ẹ̀. Pọ́ǹpù iwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi ni, ní Ẹ̀yìn Ilé Epo."

"Ẹ má mu ún, Mà," ni Àǹtí Láàbù wí, ó sì ti dìde dúró.

Alága gbé ife sílẹ̀. Ó ṣí jọ́nà sí ibi tí òǹkà bẹ̀rẹ̀, ó tì í sọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ní kó bá àwọn ka ìlà àkọ́kọ́ sókè. Orísun Ìmọ̀ wọ awò ojú. Ó kà á pé Ẹ̀yìn Ilé Epo, pọ́ǹpù iwájú àwọn ilé. Ó ka iye òjé tó wà nínú rẹ̀. Ó ka iye tí kò yẹ kó kọjá. Ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ bó ṣe ń kà á. Ó ka ohun tó ń ṣe lára, orí fífọ́, inú lílọ́, ó sì fọwọ́ kan ikùn ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yọ awò ojú, gbogbo gìràgìrà ti kúrò lára rẹ̀, ó dà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

Kò dúró gbọ́ ìdájọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín: wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó kọ ìwé náà, wọ́n yọ òun náà kúrò lórí àga. Wọ́n ní kí ìwé náà dúró bó ṣe wà, wọ́n dá Àǹtí Láàbù padà sí láàbù, iléeṣẹ́ omi sì gbé ṣọ́bìrì jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn olùwádìí yòókù jókòó, wọ́n ń kọ lẹ́tà àtúnṣe sí àwọn jọ́nà lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn tọrọ gáfárà, ẹ̀rọ ló kọ ìdúpẹ́ tàwọn náà. Olóòtú jọ́nà kan dá èsì padà pé òun ti fura tipẹ́.

Ọ̀gá, tí kì í ṣe ọ̀gá mọ́, ti dé Ẹ̀yìn Ilé Epo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí iwájú ilé, ife wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ife náà, ó da omi inú rẹ̀ nù. Ó bi í bóyá kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lórí rédíò ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Mo gbọ́. Mo ní irọ́ ni. Mo ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni, àbúrò mi ìbá ti sọ fún mi."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sunkún. Kì í ṣe irú ẹkún tó sun lọ́jọ́ Kíka Ìdúpẹ́ o. Èyí kò ní ìdúpẹ́ nínú.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ pọn omi tó mọ́ lọ fún un, kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí Àǹtí Láàbù bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tuntun, tó ń wá àwọn tó ti mu omi náà kó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ọ̀gá àtijọ́ yìí ló kọ́kọ́ dé, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání, ó tò sórí ìlà bíi gbogbo èèyàn, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó sì na ọwọ́. Nígbà táwọn yòókù rí i, àwọn náà tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn.

Ìwé ìwádìí tuntun yìí jáde lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Àǹtí Láàbù fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí i. Bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ ló ti kà á, gbogbo òǹkà, gbogbo àlàyé, ó ń fi ìka tọ ìlà bí ọmọ ilé ìwé. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ló dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó rí ìlà méjì níbẹ̀: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ baba àgbàlagbà kan tó kọ́kọ́ jẹ́ ká gba ẹ̀jẹ̀ òun, tí àwọn yòókù fi tẹ̀lé e. A kò lo ẹ̀rọ láti kọ èyí."

Òfin ìwádìí ni pé wọn kì í dárúkọ ẹni tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ti wá mọ òfin náà báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i nígbà kan láìkà á. Ó ká ìwé náà, ó fi sínú àpò, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì, torí omi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fẹ́ tán.